ÀGỌ́ ÌMỌ́LẸ̀: BÍ A Ó ṢE MÁA YA ÀWÒRÁN OHUN KÉKERÉ KÍ Ẹ̀RÍ WA MÁ BAÀ SỌNÙ

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

   A kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn jù.

Nígbà tí Akọ̀wé kéde pé àwa aṣojú òṣìṣẹ́ yóò sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò yíyà, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti di ilé fọ́tò ni? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó oṣù ni kí a máa sọ. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ròyìn ohun tí ojú wa rí, kí ẹ tó dájọ́.

PÁÌPÙ BÍRÉÈKÌ TÍ KÒ FOJÚ HÀN

Ní ọdún 2017, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa ń gbé ẹrù bọ̀ láti ìrìn àjò. Bíréèkì kò mú mọ́. Kí ó má baà pa èèyàn, ó fi ọkọ̀ gbá ògiri. Ọlọ́run yọ ọ́, kò sí ẹni tí ó kú. Nígbà tí mẹkáníìkì wa wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rí i pé páìpù rọ́bà tí epo bíréèkì ń gbà kọjá ti là níbi tí ó ti so mọ́ irin. Páìpù náà ti gbó. Awakọ̀ yìí sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé bíréèkì òun ń rọ̀.

Àwa tí a wà níbẹ̀ fa fóònù yọ. Ilẹ̀ ti ṣú, nítorí náà a tan fíláàṣì, a ya páìpù náà ní mẹ́fà, ọkàn wa sì balẹ̀. A kó páìpù fún ilé iṣẹ́, a kò gba ìwé pé a kó o fún wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn kò rí páìpù mọ́. A ní kò burú, fọ́tò wà lọ́wọ́ wa. A kó fọ́tò síwájú wọn.

Ẹ̀yin ará, kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí ohun dúdú kan tí epo bò, tí iná fíláàṣì ń kọ mànà lára rẹ̀. Ibi tí ó là gan-an ni iná náà bò mọ́lẹ̀. Ọ̀gá kan yí fọ́tò náà sókè, ó yí i sódò, ó wá bi wá pé, "Ejò ni àbí páìpù?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní awakọ̀ sáré àsápajúdé. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti lò lẹ́nu iṣẹ́; wọ́n dá a dúró láìfún un ní kọ́bọ̀.

A mọ ẹni tí ó fi ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dára sójú títì. Ṣùgbọ́n àwa ni a ya fọ́tò yẹn, kì í ṣe ọ̀gá. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Fọ́tò tí kò fojú nǹkan hàn, ìròyìn lásán ni, ẹnikẹ́ni sì lè bá ìròyìn jiyàn.

"IRIN TÍ Ó Ń DÁN, DÍGÍ NI"

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí a lọ bá bàbá kan ní àdúgbò wa, ayafọ́tò àtijọ́ tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí a ń fi fíìmù yàwòrán. Bàbá náà wo fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, iná ni ẹ yà, ẹ kò ya páìpù."

Ó wá là wá lọ́yẹ. Ó ní irin tí ó ń dán àti ohunkóhun tí epo bá bò, bí dígí ni wọ́n rí. Ohun tí ó bá dojú kọ dígí ni dígí ń fi hàn. Bí a bá gbé iná kékeré kan tí ó le dojú kọ ọ́, iná yẹn ni yóò fi hàn, gbogbo ìyókù yóò ṣókùnkùn. Bí a bá fi aṣọ funfun tí ìmọ́lẹ̀ ti gbà kọjá yí i ká, aṣọ funfun ni yóò fi hàn, ara rẹ̀ yóò sì mọ́ jálẹ̀.

Ó ní kí a wo òjìji ara wa ní ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn mú. Òjìji náà dúdú, etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n bí ìkúùkù bá bo oòrùn, òjìji yóò rọ̀, nígbà mìíràn a kò tilẹ̀ ní rí i mọ́. Oòrùn kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìkúùkù ti gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó ti tẹ́ ẹ káàkiri ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ wá ń bọ̀ láti ibi gbogbo dípò ojú kan ṣoṣo. Àgọ́ ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ayafọ́tò ọjà ń lò, ìkúùkù àfọwọ́ṣe ni. Aṣọ funfun ni ìkúùkù, gílóòbù ni oòrùn, ohun tí a fẹ́ yà sì wà láàárín.

BÍ A ṢE Ń ṢE ÀGỌ́ NÁÀ

Wọ́n ń tà á ní ọjà, ó ń ká pọ̀ bí agboòrùn, a sì lè gbé e sínú àpò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe tirẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ẹ wá páálí tí ó gbòòrò tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Ẹ gé ojú fèrèsé ńlá sí ìhà ọ̀tún, sí ìhà òsì, àti sí òrùlé rẹ̀. Ẹ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan kí páálí má baà wó. Ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìta, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tàbí téèpù lẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí kò ní òdòdó, tí kò ní àwọ̀ kankan ni kí ó jẹ́. Bí aṣọ bá ti pọ́n díẹ̀, ohun tí a bá yà yóò pọ́n pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà ẹ wá bébà funfun tí ó le díẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ya àwòrán. Ẹ lẹ orí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àgọ́ lókè, kí ẹ jẹ́ kí ó wọ́ sílẹ̀ títí dé iwájú. Ẹ má ṣe ká a ní ìgun. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìdí igbá. Bí a kò bá rí ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ojú ẹni tí ń wo fọ́tò kò ní kúrò lára ohun tí a yà.

Gílóòbù méjì ni yóò wà ní ìta àgọ́, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, kí ìmọ́lẹ̀ wọn gba inú aṣọ kọjá. Bí ẹ bá rí ẹ̀kẹta, ẹ gbé e sókè. Oríṣi kan náà ni kí wọ́n jẹ́. Bí ọ̀kan bá pọ́n bí àtùpà, tí èkejì sì funfun bí ojú ọjọ́, ìdajì irin yóò pọ́n, ìdajì yóò sì dà bí aró, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí í ṣe ìpẹtà gidi. Nítorí kan náà, ẹ pa iná yàrá nígbà tí ẹ bá ń yà á.

Ẹ má gbé gílóòbù lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bí ó bá sún mọ́ ọn jù, ojú kékeré kan ṣoṣo ni yóò mọ́ lára aṣọ, a sì ti padà sí fíláàṣì nìyẹn. Ẹ fà á sẹ́yìn títí gbogbo aṣọ yóò fi mọ́ kárí. Gílóòbù LED ni kí ẹ lò. Gílóòbù àtijọ́ tí ó ní wáyà nínú máa ń gbóná gan-an, aṣọ àti páálí sì ni a fi ṣe àgọ́ yìí. Ẹgbẹ́ tí ń jà fún ààbò kò gbọdọ̀ dáná sun ọ́fíìsì ara rẹ̀.

Níbi tí kò bá sí iná ńkọ́? Ẹ gbé àgọ́ náà sí fàráńdà ní ọ̀sán. Ojú ọ̀run tó. Bí oòrùn bá tilẹ̀ kan aṣọ, inú àgọ́ yóò mọ́ dáadáa, bí oòrùn kò bá ṣáà ti gba ẹnu rẹ̀ wọlé.

BÍ A ṢE Ń YA FỌ́TÒ NÍNÚ RẸ̀

Àkọ́kọ́, ẹ pa fíláàṣì. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, gbogbo làálàá tí a ti ṣe já sí asán.

Èkejì, ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù. Ọwọ́ wa ní gíríìsì, inú àpò wa sì ni fóònù ń gbé. Gíríìsì díẹ̀ lójú kámẹ́rà yóò sọ gbogbo nǹkan di ìkùukùu.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ọwọ́ gbé fóònù. Ẹ fi í ti bíríkì tàbí àpótí, kí ẹ lo aago inú kámẹ́rà, kí ó yà á fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Ọwọ́ tí ó ti di ẹ̀rọ mú fún wákàtí mẹ́jọ máa ń gbọ̀n, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wa.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má sún mọ́ ọn jù. Bí fóònù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, kò ní rí i kedere, yóò sì mú kí ibi tí ó sún mọ́ tóbi ju ibi tí ó jìnnà lọ. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ fi ìka kan ojú ibi tí ẹ fẹ́ kí ó hàn.

Ẹ̀karùn-ún, kámẹ́rà kò mọ funfun. Bí ó bá rí ibi tí gbogbo rẹ̀ funfun, ó máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù títí funfun yóò fi dà bí eérú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìka kan ojú fóònù, ọ̀pọ̀ fóònù yóò gbé àmì oòrùn kékeré kan wá. Ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí bébà yóò fi funfun bí ojú wa ṣe ń rí i. Ẹ má fà á ré kọjá. Bí irin bá ti ń pòórá mọ́ funfun, ẹ dá a padà.

IBI TÍ ÀWA NÁÀ TI ṢÌNÀ

Ní ọdún 2022, irin ààbò jábọ́ lára ẹ̀rọ tí a fi ń gé nǹkan, ẹ̀rọ sì gé orí ìka méjì ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. Òfin tí ó de àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ọdún 1987, sọ pé ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ gbọdọ̀ ní ààbò. Ilé iṣẹ́ ní ààbò wà, òṣìṣẹ́ ni ó yọ ọ́ kí iṣẹ́ lè yá. Ṣùgbọ́n a rí píìnì tí ó di irin ààbò náà mú. Ó ti dá sí méjì, nǹkan bí ìka kékeré ni gígùn rẹ̀. Níbi orí rẹ̀, ibòmíràn tún ti sán.

A kò sáré. A bèèrè àyè lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, a gbé àgọ́ ìmọ́lẹ̀ jáde, a tan gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a yà á. Fọ́tò náà dára! Píìnì yẹn ń dán bí ọjà tuntun tí wọ́n fẹ́ tà. Ìyọnu ibẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ó sán kò hàn rárá. Ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ láti ìhà gbogbo, ó ti kún un, òjìji tí ì bá fi í hàn kò sí mọ́.

A sáré lọ sọ́dọ̀ bàbá wa. Ó ní àwọn tí ń ta ọjà fẹ́ kí àbùkù farasin. Ẹ̀yin, àbùkù ni ẹ ń wá. Ó ní kí a pa gílóòbù méjì, kí a fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa fi ara nù ún kọjá lójú irin. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó sán yọ síta bí fọ́nrán òwú dúdú. Ó tún ní kí a gé páálí dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ píìnì níbi tí fóònù kò ti ní rí i. Irin tí ó ń dán fi páálí dúdú hàn ní etí rẹ̀, etí náà sì dá yàtọ̀ lára bébà funfun.

Lẹ́yìn èyí a tún tan gbogbo iná, a gbé ojú ibi tí píìnì ti dá síwájú, a yà á. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Apá kan ojú náà pọ́n fún ìpẹtà, apá kejì mọ́ gbòò, ó ń dán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ irin mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Irin tí ó bá dá lójijì kò ní ìpẹtà nínú. Èyí tí ó pẹtà ti sán tipẹ́, afẹ́fẹ́ àti omi ti ń wọ̀ ọ́. Èyí tí ó mọ́ ni ó dá ní ọjọ́ yẹn.

Fọ́tò méjì nìyẹn fún iṣẹ́ méjì: ìmọ́lẹ̀ kárí fún àwọ̀ àti ìrísí, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fún ibi tí ó sán, ibi tí ó jẹ àti ibi tí ó wọ́. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ilé iṣẹ́ pe ẹnjiníà tiwọn. Ó wo fọ́tò fún ìgbà pípẹ́, ó ní píìnì yìí kò sán lónìí, kò sì sán lánàá. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ pé òṣìṣẹ́ yọ ààbò jẹ. Wọ́n fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àjọ NSITF bí òfin ṣe wí, ọmọ ẹgbẹ́ wa sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

KÍ Ẹ̀RÍ LÈ DÚRÓ

Fọ́tò tí ó dára nìkan kò tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn.

Ibi tí nǹkan wà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ yà á, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ tó gbé e wá sínú àgọ́. Ẹ̀rọ gbọdọ̀ ti dúró, kí wọ́n sì ti pa iná rẹ̀. Fọ́tò kan kò tó kí a tún fi ìka mìíràn san án. Ẹ má nu epo tàbí ìpẹtà kúrò títí ẹ ó fi ya àkọ́kọ́ tán.

Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a lè mọ bí ó ti tóbi tó. Ẹ kọ ọjọ́, aago, àti nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí ti ẹ̀rọ sórí bébà kékeré, kí ó wà nínú fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì wà níbẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé.

Irin náà kì í ṣe tiwa, ti ilé iṣẹ́ ni. Ẹ má gbé e lọ sílé. Ẹ dá a padà, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé pé ẹ dá a padà. Ìwé kékeré yẹn ni a kò gbà ní ọdún 2017.

Ẹ má fi ohunkóhun kun fọ́tò, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí tí fóònù yà gan-an pamọ́. Bí ẹ bá fi WhatsApp ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, yóò fún un pọ̀, ọjọ́ àti aago tí fóònù kọ sínú rẹ̀ yóò sì bọ́. Bí ìwé ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, ní ohun tí ó béèrè lórí ẹ̀rí tí ó ti inú ẹ̀rọ bí kọ̀ǹpútà jáde, títí kan ìwé tí a ó fọwọ́ sí nípa ẹ̀rọ náà. Nítorí náà ẹ kọ ẹni tí ó yà á àti fóònù tí ó fi yà á sílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́tò dá yín dúró. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún ẹni tí ó fara pa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ilé iṣẹ́, ó sì fún ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ náà létí. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé, kí a tó sọ ti àwòrán.

FÚN ÀWỌN TÍ Ń TA ỌJÀ DÍẸ̀ MỌ́ IṢẸ́

A mọ̀ pé owó oṣù kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú wa ni aya tàbí ọkọ rẹ̀ ń ṣe bàtà, ìlẹ̀kẹ̀, tàbí ọṣẹ. Àgọ́ kan náà wúlò fún wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kárí. Bàtà aláwọ ń fẹ́ kí iná ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ díẹ̀ ju èkejì lọ, kí ojú awọ lè hàn. Ìgò tí ó ń dán ń fẹ́ páálí dúdú ní etí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àgọ́ bo àbùkù ọjà mọ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni ó ń rà á.

Ẹ̀yin ará, ní ọdún tí ọ̀rọ̀ píìnì parí, awakọ̀ wa àtijọ́ yà wá kí ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ọkọ̀ olówó ni ó ń wà báyìí, ó sì ń jẹ́ owó lójoojúmọ́. Ó wo àgọ́ náà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ kan aṣọ. Ó ní, "Páálí lásán nìyí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan mìíràn. Àwa náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àgọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú gílóòbù mẹ́ta, rúlà kan àti páálí dúdú méjì. Ti gbogbo wa ni. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹnìkan wá láti ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan àti láti gáréèjì kọ̀ọ̀kan kí a jọ kọ́ ọ, kí ó má baà jẹ́ ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

 Ìṣọ̀kan ni agbára wa!